Àǹtí Mi àti Òkè Tí Kùrukùru Bò

Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ àǹtí mi fún wa ní Ìrókò. Mo rántí oòrùn náà nítorí pé láfún kún gbogbo iwájú ilé, lórí páànù, lórí ọ̀rá, lórí àpò ìrẹsì tí a tú palẹ̀, ọkọ̀ tó gbé àwọn tó wá túfọ̀ náà kò sì ríbi dúró sí. Awakọ̀ wọn ń fun fèrè. Mo jáde lọ bá a tìbínú-tìbínú, mo ní, "Ẹ ò rí i pé oúnjẹ ni?" Síbẹ̀ mo ká àpò kan kúrò nílẹ̀ kí wọ́n lè ríbi wọlé. Èmi fúnra mi ni mo la ọ̀nà fún wọn.

Ènìyàn mẹ́ta ló sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, tí gbogbo wọn wọ aṣọ ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí àǹtí mi ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń bèèrè baálé ilé. Ìyá wa wà lábẹ́ ibòji ògiri, wọ́n ń ṣa èérí kúrò lára láfún. Nígbà yẹn, ìyá wa ló máa ń wẹ òkú obìnrin ní àdúgbò wa. Bí obìnrin Mùsùlùmí kan bá kú, àwọn ni wọ́n á wá pè, ìbáà jẹ́ láàárín ìlú, ìbáà jẹ́ ní abúlé oko. Nítorí náà ojú ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ikú lọ́wọ́ kì í ṣàjèjì sí wọn. Wọ́n wo àwọn àlejò náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ wọn nù, wọ́n dìde.

"Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ," ni ìyá wa wí. "Níbo ni òkú wà? Ẹ jẹ́ kí n mú ìborùn mi."

Obìnrin tó wà nínú àwọn àlejò náà bú sẹ́kún. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn sáré di ìyá wa lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ẹ jókòó ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ìyá wa ò jókòó. Orí ìdúró ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ohun tí àwọn àlejò náà sọ kò gùn. Ilé iṣẹ́ wọn ló rán àǹtí mi lọ sí orílẹ̀-èdè kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí òkè pọ̀ sí, pé kí ó lọ kọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ nípa pákí. Láti olú ìlú wọn, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré lọ sí ìlú kan tó wà láàárín òkè. Òjò ń rọ̀. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Ọkọ̀ náà forí sọ ẹ̀gbẹ́ òkè, kò sì sí ẹni tó yè nínú àwọn tó gbé.

Kò sí òkè gidi kan ní agbègbè tiwa. Ilẹ̀ a kàn ga díẹ̀, a tún rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ tì í, ó tán.

"Òkè náà," ni ìyá wa wí, "ṣé àná ló dé ibẹ̀ ni?"

"Màmá?"

"Mo ní ṣé àná ló dé ibẹ̀, tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ò fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

Láti ìgbà yẹn mo ti gbọ́ àlàyé lórí rédíò, mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé, n kò tíì gbọ́ èyí tó dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ọmọ ìyá ni wá, ọdún díẹ̀ ni àǹtí mi fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ pe òun ní "ẹ". Á ní, "Má pe mí lẹ́ o, mi ò tíì darúgbó." Àwọn àgbà ilé a máa torí ìyẹn bú mi pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Pákí niṣẹ́ rẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wá irú èyí tí àrùn kì í tètè bà jẹ́, tí wọ́n á sì kọ́ àgbẹ̀ bí ó ṣe lè gé igi kan ṣoṣo wẹ́wẹ́ kí ó di ọ̀pọ̀. Bó bá ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Sátidé, á gun ọ̀kadà láti Moniya, á di ìdì igi pákí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, á sì ti máa pariwo láti ojú títì pé ta ló wà nílé, kí wọ́n wá gba ẹrù lọ́wọ́ òun. Gbogbo pákí tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìrókò, òun ló gbìn ín tàbí kó jẹ́ ọmọ èyí tó gbìn.

Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Bí àwọn àgbà bá fi ìyẹn yọ ọ́ lẹ́nu, á ní, "Ọkọ mi ti ń bọ̀. Táyà ọkọ̀ rẹ̀ ló jò ní Òjòó." Àwa ọ̀dọ́ á rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà á kanra.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní òtútù ibẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n ti ènìyàn mọ́nú fìríìjì. Ó ní ojú títì làwọn ṣì wà, pé gbogbo òru làwọn á fi rìn kí àwọn tó dé olú ìlú, pé lọ́la àwọn á wá wọ ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò tóbi ju bọ́ọ̀sì tó ń ná Moniya. Mo ní, "Ẹ̀rù ò bà ọ́?" Ó ní, "Ẹni tó ti jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà Moniya, kí ló tún kù tó lè bà á lẹ́rù?" A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ já. Kò tún pè mọ́.

Àwa Mùsùlùmí kì í pẹ́ sin òkú. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú àǹtí mi ò dé. Wọ́n ní òjò ò dá lórí òkè náà, pé ẹsẹ̀ ni àwọn tó ń wá wọn fi ń gùn ún. Nígbà tí wọ́n rí wọn, wọ́n ní iná ti jó wọn, àwọn ò lè dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Oṣù ń gorí oṣù. Lọ́jọ́ kan nọ́ọ̀sì kan wá láti ilé iṣẹ́ wọn, ó ní kí ìyá wa la ẹnu, ó fi òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn nínú.

"Kí lẹ fẹ́ fi itọ́ mi ṣe?"

"Ká lè fi mọ èyí tó jẹ́ tiyín ni, Màmá."

"Èyí tó jẹ́ tèmi," ni ìyá wa wí. Wọ́n sọ ọ́ lásọtúnsọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń fọ abọ́, wọ́n ń sọ ọ́. Èyí tó jẹ́ tèmi.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, pósí irin ni, wọ́n ti dì í pa láti òkè òkun, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. Ìyá wa ti gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti to ọṣẹ, aṣọ funfun àti lọ́fínńdà sórí ẹní, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ gbé pósí náà nínú ọkọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, wọ́n wà á mọ́ra bí ẹni fẹ́ gbé àgbàlagbà. Bí wọ́n ṣe gbé e báyìí, ńṣe ló fúyẹ́ tó fò sókè lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ta gọ̀ọ́gọ̀ sẹ́yìn. Èmi rí i. Ìyá wa náà rí i.

"Ẹ ṣí i fún mi," ni ìyá wa wí.

Lèmọ́mù ní, "Ìyá, kò ṣeé ṣí. Níbi tí omi ò bá ti ṣeé lò, ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda. A ó kírun sí i lára bẹ́ẹ̀."

"Mo ti wẹ èyí tó jóná rí. Mo ti wẹ èyí tí mọ́tò tẹ̀. Ẹ ṣí i."

"Ọmọ yín ni, Ìyá. Òbí kì í fojú rí òkú ọmọ rẹ̀."

"Nígbà tí ọmọ tiyín kú, ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ìyá wa ló wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣí pósí náà. Wọ́n kírun, wọ́n sin ín. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn bàbá ilé wa sọ pé kí wọ́n ṣe é kíákíá, pé òkú ọ̀fọ̀ ni, òkú tí kò lọ́mọ kò ní wàhálà púpọ̀. Ọkùnrin yìí kan náà, pákí tí àǹtí mi kó wá ló kún oko rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ìyá wa da omi náà sẹ́yìn ilé. Láti ọjọ́ yẹn wọn ò wẹ òkú ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá wá pè wọ́n, wọ́n á ní ọwọ́ ń dun àwọn.

Ọjọ́ tí a ṣe àdúà ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìsìnkú náà ni ọkùnrin kan kọ́kọ́ wá sílé wa. Òun àti àǹtí mi ni wọ́n jọ rìnrìn-àjò náà. Abẹ́ àǹtí mi ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn. A ti gbọ́ pé ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà kí ó tó gbéra, ṣùgbọ́n a ò tíì fojú kàn án. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá wa, ó sì sunkún débi pé àwọn àáfà dá àdúà dúró.

Nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá, àwa méjèèjì la jọ wọ ọkọ̀ náà. Òjò ò jẹ́ kó lọ, a jókòó sínú rẹ̀ títí. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé, mo rí ẹni tó máa wa ọkọ̀ náà àti òṣìṣẹ́ pápákọ̀ kan, wọ́n ń jiyàn lábẹ́ agboòrùn. Òṣìṣẹ́ náà ń mi orí ṣáá. Bọ̀rọ̀kìnní kan tó wà níwájú wa sì ń pariwo pé ìpàdé ń dúró de òun, kí wọ́n gbéra. Ara mi ò balẹ̀. Mo sọ fún àǹtí wa pé ká sọ̀. Àǹtí wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ojo ni mí. Ẹ̀pà ni wọ́n ń wá nínú báàgì wọn. Bí mo ṣe dá sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn."

"Ó rẹ́rìn-ín?" ni ìyá wa bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ìyá wa mi orí. "Á ṣe bẹ́ẹ̀. Olórí kunkun ni. Àgídí ló pa ọmọ mi."

Èmi náà gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ẹ̀rín yẹn, ẹ̀pà yẹn, ó jọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí ti di ọmọ ilé wa. Kò sí Iléyá tí kì í gbé àgbò wá. Òun ló fi ọkọ̀ gbé ìyá wa lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn nígbà tí ojú ń dùn wọ́n. Nígbà tí ìjì ṣí páànù ilé, òun ló kó káfíńtà wá. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń pe ìyá wa ní Màmá Ìrókò, òun sì ń pe èmi náà ní Àǹtí. Àwọn ará ilé a máa yìn ín pé ọmọlúàbí ni. Wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Tísà, ṣé o rí i? Ọlọ́run gba ọ̀kan, ó fi ọ̀kan rọ́pò." Tísà ni wọ́n ń pè mí ní Ìrókò nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ kan ní Moniya ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí mi kì í ṣe àgbò tí wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni bí ìyá wa ṣe sọ ọmọ wọn di òwe. Bí ọmọdé kan bá kọ̀ láti wẹ̀, tàbí tó fẹ́ gun igi ọsàn, ìyá wa á ní, "Máa ṣagídí lọ. Àǹtí yín náà ṣe é. Wọ́n ní kó sọ̀, kò sọ̀." Nígbà tó yá, àwọn ọmọdé ilé náà mọ̀ ọ́n sórí. Mo gbọ́ lọ́jọ́ kan tí ọmọbìnrin kékeré kan ń bú àbúrò rẹ̀ pé, "Wàá kú bíi ti àǹtí àgídí." Kò mọ àǹtí mi rí. Wọn ò tíì bí i nígbà tí àǹtí mi kú. Orúkọ tó kù fún un láyé nìyẹn.

Nígbà tí ìròyìn ìwádìí ìjàǹbá náà jáde, mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì lọ sí Ìrókò torí rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ò yẹ kó gbéra rárá. Wọ́n ní awakọ̀ náà ti wà láàárín òkè kí ó tó gbìyànjú láti yí padà, pé ìjì ń gbé ọkọ̀ náà sọ sókè sọ sílẹ̀ kí ó tó kọlu òkè. Apá tó kan àṣìṣe wọn nìkan ni mo sọ fún ìyá wa. Mo ní, "Ìyá, ẹ ti rí i, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ ló jẹ̀bi."

Ìyá wa ní, "Ẹnì kan ṣáà wà níbẹ̀ tó ní kó sọ̀. Kí ló dé tí òun ò kú?"

Mo gbé báàgì mi, mo padà sí Moniya.

Iléyá èṣí ni mo gbọ́ ohun tó là mí lójú. Àlejò kan wà nílé wa lọ́jọ́ náà, ó ní kí ọkùnrin yìí sọ ìtàn ọkọ̀ òfuurufú náà fún òun. Ó sì ń sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́, títí ó fi ní, "Oorun ń kun àǹtí wa, wọn ò sùn mọ́jú, wọ́n ní kí n má da àwọn láàmú." N kò gbọ́ ìyẹn rí. Níbo ni ẹ̀rín wà? Níbo ni ẹ̀pà wà? Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Bí irọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe máa ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, ó ti mọ́ mi lára.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ní òun á gbé mi dé Moniya, nítorí ọ̀nà òun ni. Mo wọ ọkọ̀ rẹ̀. A ò tíì dé Moniya nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ó le débi pé kò rí iwájú mọ́, ó yà sẹ́bàá ọ̀nà níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí àwọn ọlọ́kadà sá sí abẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló sọ gan-an nígbà tí ẹ ní kó sọ̀?"

Ó ń wo òjò.

"Ṣé ó rẹ́rìn-ín ni, àbí ó ní kí ẹ má da òun láàmú?"

"Àǹtí, ó ti pẹ́."

"Kò pẹ́ lójú mi."

Ó pa ẹ̀rọ ọkọ̀. Ó ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ń sùn."

"Ta ló ń sùn?"

"Àǹtí wa. Gbogbo òru la fi wà lójú títì ká tó dé pápákọ̀, wọn ò fojú kan oorun. Wọ́n gbé orí lé gíláàsì fèrèsé, wọ́n sùn lọ. Mo dìde, mo sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pé inú ń run mí. Mo fẹ́ jí wọn. Mo na ọwọ́ sí wọn. Mo wá rò ó pé bí mo bá jí wọn, tí wọ́n kọ̀ tí wọn ò sọ̀, tí ọkọ̀ náà sì lọ tó dé láyọ̀, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ibi iṣẹ́ títí n ó fi kúrò níbẹ̀, pé ọkùnrin bíi tèmi ń sá fún òjò. Ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ojú tì mí. Mo fa ọwọ́ mi padà."

"O ò jí i."

Láti ìgbà tí a ti mọ ara wa, "ẹ" ni mò ń pè é. Àwa méjèèjì la gbọ́ ọ nígbà tó já sí "o".

"Mi ò jí wọn."

"O wá wá sílé wa, o wá sọ fún ìyá wa pé àgídí ló pa á."

"Mi ò sọ pé àgídí, Àǹtí. Màmá ló sọ ọ́."

"O sì gbà á bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún yìí, o jókòó síbẹ̀, ò ń jẹ ẹran, ò ń gbọ́ ọ."

Ó gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó ń sunkún. Àánú rẹ̀ ò ṣe mí. Bí mo bá ní ó ṣe mí, irọ́ ni. Mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ̀ sínú òjò, mo lọ bá àwọn ọlọ́kadà lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú wọn sún fún mi, ó ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ọkọ yín ni?" Mo ní rárá.

Mo padà sí Ìrókò lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo ti pinnu pé n ó sọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n lé ọkùnrin náà, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n gbé e ṣépè, èyí tó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà yéé fi àǹtí mi dẹ́rù ba ọmọdé. Ìyá wa ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́yìn ilé. Mo jókòó tì wọ́n, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí òru ojú títì títí dé orí ọwọ́ tó fà padà.

Ọwọ́ ìyá wa dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Ó ń sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ̀. Kò ṣagídí kankan. Ọkùnrin yẹn ló fi í sílẹ̀."

"Ó dá ọ lójú pé ó ń sùn?"

"Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Mo ń retí kí wọ́n figbe ta. Mo ń retí kí wọ́n pe orúkọ ọkùnrin náà kí wọ́n gégùn-ún. Ńṣe ni wọ́n gbé àtẹ ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀, wọ́n fi ìborùn bojú. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú, omi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara wọn ti rọ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù.

"Alihamudulilahi. Kò mọ̀ nígbà náà. Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Tísà, láti ọjọ́ tí àwọn ènìyàn yẹn ti wá síbí, igbe rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Bí mo bá kírun, mo ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ń gún èlùbọ́, mo ń gbọ́ ọ. Mo ń rò ó pé bó ṣe rí òkè yẹn tó ń bọ̀, kí ló sọ? Ta ló pè? Àṣé ó ti sùn lọ."

Mo la ẹnu. Ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò wà lórí ahọ́n mi, ìjì tó ń gbé ọkọ̀ náà sọ sókè sọ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀dá tó lè sùn la ìyẹn já. Mo pa ẹnu mi dé.

"Ẹ ò bínú sí ọkùnrin náà?" ni mo bèèrè.

"Mo bínú. Kí ló dé tí n kò ní bínú? Ojo ni, òpùrọ́ sì ni." Ìyá wa gbé àtẹ padà sórí ẹsẹ̀. "Ṣùgbọ́n ká ní ó jí i, kí ọmọ mi sì kọ̀ tí kò sọ̀ ńkọ́? Ojú rẹ̀ ni ì bá là sílẹ̀ dé ibẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ kó sùn."

Bí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá fún ìdájọ́ ṣe di ọpẹ́ nìyẹn. Òtítọ́ ni pé ìyá wa ò dárúkọ àgídí mọ́ láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọdé sì ti ń gbàgbé rẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún, mo rí i gbà. Kò sì dùn lẹ́nu mi rárá.

Iléyá tọdún yìí, ọkùnrin náà ò wá. A kírun dé, a pa ẹran, oòrùn kúrò lágbedeméjì ọ̀run, a ò rí i. Ìyá wa ní kí ẹnì kan bá àwọn pè é lórí fóònù. Nígbà tó dé, kò wọlé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ti rù, ó ń wo ilẹ̀. Kò gbé àgbò wá.

"Wọlé," ni ìyá wa wí.

"Màmá, Àǹtí ti sọ fún yín."

"Ó ti sọ fún mi. Mo ní kí o wọlé. Ìwọ lo jẹ́ kó sùn. Wá jẹun."

Ó wò mí láti ibi tó dúró sí. Èmi náà wò ó. Ó wọlé, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó, wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní àgúnmu. Ìyá wa ń bi í léèrè ìyàwó, wọ́n ń bi í léèrè àwọn ọmọ. Wọ́n bèèrè irú aṣọ tí àǹtí mi wọ̀ lọ́jọ́ náà, bóyá ó nípọn, bóyá òtútù mú un níbi tó sùn sí. Ó ní ó wọ súwẹ́tà. Ìyá wa ní ó dára.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀. Mo dúró títí ó fi fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn.

"O mọ̀ pé ó jí," ni mo wí.

Kò yíjú sí mi. "Mo mọ̀, Àǹtí."

"Bó bá jí, tó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí kò rí ọ ńkọ́?"

"Àǹtí, mo mọ̀."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Mo padà sínú ilé. Ìyá wa ti ń kó abọ́ jọ, ojú wọn tòrò, wọ́n ní kí lẹ̀ ń sọ tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ níta.

Mo ní, "Mo ní kó rọra máa wakọ̀ ni, pé òjò ti ṣú."